Káún Inú Ẹ̀fọ́ Ìyá Àgbà

Iṣẹ́ láàbù ni kò jẹ́ kí n ráyè kọ nǹkan síbí láti ọjọ́ yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yìí fẹ́ẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa.

Ìyá tó bí màmá mi ń gbé ní Aké, níbí ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n sì dín iyọ̀ kù. Ìyá àgbà gbọ́. Wọn ò fi iyọ̀ ṣeré mọ́ rárá. Wọ́n ta kété sí kíúùbù ọbẹ̀, kódà ẹyin bíbọ̀, wọn kì í fi iyọ̀ kàn án. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, òkè ni nọ́ńbà náà máa ń wà. Ni àbúrò màmá mi obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé ó dá òun lójú pé ìyá ń jí iyọ̀ jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá àgbà débi pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n lọ sùn.

Ní oṣù tó kọjá, mo kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo jókòó tì wọ́n nídìí àdògán. Ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí ni wọ́n ń sè, èyí tá a máa fi jẹ láfún (ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, kí ni ká tún fi jẹ?). Tẹ̀tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fi ewúro díẹ̀ sí i, ọjà Kútọ̀ ni mo ti rà á bọ̀. Mo ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni ń wo tíṣà láàbù. Wọ́n bọ ẹ̀fọ́ náà nínú omi tó ń hó, wọ́n fún un dáadáa, wọ́n da omi rẹ̀ nù. Wọ́n dá ewé náà padà sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀, wọ́n sì fa èédú sẹ́yìn kí iná má baà le. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú ọ̀rá kékeré kan, wọ́n mú òkúta funfun kan tó tó èékánná àtàǹpàkò, wọ́n jù ú sínú ìkòkò. Omi náà hó ṣùù, ó yọ ìfófòó, ewé náà sì tutù yọ̀yọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lóko.

"Ìyá àgbà, káún nìyẹn?"

"Káún ni o, Àṣàkẹ́. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi? Tí mi ò bá fi káún sí i, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ ẹ́?"

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo jẹ láfún mi, mo jẹ ẹ̀fọ́ mi, ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà sí FUNAAB lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n bun mi ní òkúta kan nínú ọ̀rá yẹn. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n láàbù. Gíráàmù 4 ni.

Kí ni káún gan-an? Ní òyìnbó tí à ń sọ ní Nàìjíríà, potash ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì ni ó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ka kẹ́mísìrì díẹ̀ á gbọ́ "potash", ọkàn rẹ̀ á lọ sórí pọtásíọ̀mù. Kò burú, torí láti ara potash ni orúkọ pọtásíọ̀mù ti wá lóòótọ́: ní ọdún 1807, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iná mànàmáná yọ irin kan jáde láti ara potash, ó sì fún un ní orúkọ yẹn. Àmọ́ potash tirẹ̀, ara eérú igi ni irú rẹ̀ ti ń wá. Ẹ ro omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú: eérú èèpo kòkó, eérú ìdì ẹyìn. Pọtásíọ̀mù wà nínú ìyẹn gan-an.

Káún kì í ṣe eérú. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, lápá òkè Ọya lọ́hùn-ún, ní agbègbè adágún Chad, níbi tí oòrùn ti fa omi gbẹ tí iyọ̀ inú rẹ̀ sì dì sílẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní kanwa. Ẹ pe kanwa, ẹ pe káún, ẹ̀yin náà á gbọ́ bí orúkọ méjèèjì ṣe jọ ara wọn. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é ní trona, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O.

Ẹ tún wo àmì yẹn dáadáa. Ibo ni K tó dúró fún pọtásíọ̀mù wà? Kò sí níbẹ̀. Na ló kún ibẹ̀, Na sì ni sódíọ̀mù, ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Ohun tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí Na fúnra rẹ̀ ti wá: natrium ni, èyí tí wọ́n fà yọ láti ara natron, irú òkúta oníyọ̀ kan náà tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń gbẹ òkú àwọn ọba wọn. Èyí túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá rí Na nínú ìwé kẹ́mísìrì yín, ẹ̀gbọ́n káún lẹ̀ ń rí yẹn. Káún ló ni orúkọ náà kí iyọ̀ tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ. Nínú gíráàmù 226 káún tó mọ́ gaara, gíráàmù 69 ni sódíọ̀mù, ìyẹn bí 30 nínú 100. Iyọ̀ ọbẹ̀ ń kó bí 39 nínú 100. Tá a bá fi káún wé iyọ̀ lórí òṣùwọ̀n, káún ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sódíọ̀mù tí iyọ̀ ń gbé. Káún tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í mọ́ gaara o, iyanrìn wà nínú rẹ̀, àwọn iyọ̀ mìíràn náà wà níbẹ̀, fún ìdí èyí ìfojúdá ni ìṣirò mi. Àmọ́ òkúta gíráàmù 4 ti ìyá àgbà yẹn lè gbé tó gíráàmù 1.2 sódíọ̀mù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kí sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 2, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan. Tí mi ò bá sí nílé, ìyá àgbà nìkan ló máa ń jẹ ìkòkò ẹ̀fọ́ yẹn, ọjọ́ méjì ló sì ń gbà wọ́n. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 0.6 lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta gbogbo èyí tí wọ́n yẹ kí wọ́n jẹ, láti ara ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà sí iyọ̀. A ò tíì ka ti ẹ̀wà. A ò tíì ka ti ewédú.

Nítorí náà, ìyá àgbà kò jí iyọ̀ jẹ. Gbangba ni wọ́n ń fi í sí ọbẹ̀, lójú gbogbo wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí káún ń ṣe nínú ìkòkò, torí àwọn ìyá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Bí káún ò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ò ní máa ná owó lé e lórí láti ayébáyé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti àwọ̀. Ohun tó ń mú ewé jẹ́ àwọ̀ ewé ni chlorophyll. Richard Willstätter, ará Jámánì kan, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915 nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀ àti lórí àwọn àwọ̀ mìíràn tó wà lára ewéko. Ó fi hàn pé magnẹ́síọ̀mù wà nínú chlorophyll. Ẹ fojú inú wo òrùka tí wọ́n fi òkúta olówó iyebíye kan sí láàárín: magnẹ́síọ̀mù ni òkúta yẹn. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàárín òrùka, ewé á máa dán. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ewé tún ní àpò omi kan tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ewé ṣì wà láàyè, àpò yẹn wà ní dídì, ásíìdì kì í dé ọ̀dọ̀ chlorophyll. Tí iná bá dé, àpò bẹ́. Ásíìdì tú jáde, ó yọ magnẹ́síọ̀mù kúrò láàárín òrùka, ó fi háídírójìn dí àyè rẹ̀. Ohun tó kù ń jẹ́ pheophytin, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ aṣọ sójà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ fi máa ń kọ́kọ́ tutù yọ̀ ní ìṣẹ́jú kan sí méjì àkọ́kọ́ (afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló jáde, a wá ń rí àwọ̀ náà kedere), tó sì máa ń ṣú lẹ́yìn náà bí ó bá pẹ́ lórí iná. Káún jẹ́ òdìkejì ásíìdì. Ó pa oró ásíìdì yẹn, magnẹ́síọ̀mù dúró sáyè rẹ̀. Kódà, ó gé ìrù gígùn kan tó wà lára chlorophyll sọnù, èyí tó kù wá lè yòrò sínú omi. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé omi ẹ̀fọ́ oníkáún fúnra rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé gan-an, ohun tó fà á nìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ló kan eyín ìyá àgbà. Ohun kan tó ń jẹ́ pectin ló so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì nínú ewé, bí sìmẹ́ńtì ṣe ń so búlọ́ọ̀kù pọ̀. Ooru ń tú sìmẹ́ńtì yìí díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni a ń pè ní kí nǹkan jinná. Nínú omi tó ní káún, ó ń tú kíákíá. Nínú omi tó kan díẹ̀, bíi ti tòmátò, ó ń lọ́ra gan-an láti tú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀, torí òun ló yọ èmi àti ìyá àgbà nínú ìjàngbọ̀n.

Gbogbo èyí lówó lórí, yàtọ̀ sí sódíọ̀mù. Fítámì C àti fítámì B1 kò fẹ́ràn káún rárá. Ooru nìkan ti ń bà wọ́n jẹ́, tí káún bá tún wà níbẹ̀, wọ́n á tètè run. Ewé náà á máa dán lójú, ohun inú rẹ̀ á ti lọ.

Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ dán an wò. Mo ṣe é nínú yàrá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ ìdì kan. Mo bu omi iye kan náà sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, mo fi káún bíńtín sínú èkejì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti ọsàn ṣú kí n tó yíjú padà, igi rẹ̀ sì ṣì le. Ti káún dán bí ẹni pé wọ́n kùn ún, àmọ́ bí mo ṣe fi ṣíbí kàn án, ó fọ́ jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Ti omi lásán wà láàárín méjèèjì. Ẹnì kejì mi nínú yàrá bi mí léèrè bóyá ebi ni mo ń pa ara mi tàbí iṣẹ́ ìwádìí ni. Mo ní méjèèjì ni.

Ní báyìí, ohun tó ká mi lára jù kì í ṣe káún nìkan. Omi tí ìyá àgbà dà nù ni.

Ewé ẹ̀fọ́ kún fún pọtásíọ̀mù. Pọtásíọ̀mù sì ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń wá: ó ń jẹ́ kí kíndìnrín lè da sódíọ̀mù tó pọ̀ jù síta sínú ìtọ̀, ó sì ń jẹ́ kí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí WHO kan náà tó ní ká dín sódíọ̀mù kù fi ní kí àgbàlagbà jẹ pọtásíọ̀mù tó gíráàmù 3.5 ó kéré tán lójúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DASH jáde ní ọdún 1997. Èèyàn 459 ni wọ́n fún lóúnjẹ. Wọn ò yí iye sódíọ̀mù inú oúnjẹ wọn padà. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n fi èso àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ wọn lọ sílẹ̀, ti àwọn tí wọ́n tún fi wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ sí i tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù máa ń yòrò sínú omi. Tẹ́ ẹ bá bọ ẹ̀fọ́, tẹ́ ẹ fún un, tẹ́ ẹ da omi nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ bá omi lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a wá ju káún sí i. Ẹ wò ó bó ṣe rí: a da pọtásíọ̀mù sínú kọ̀tà, a fi sódíọ̀mù dípò rẹ̀. Ìyá àgbà ń jẹ ẹ̀fọ́ torí pé dókítà ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́, ìkòkò sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí èyí yé mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè ṣe nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ má tìtorí èyí sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ ẹ̀fọ́ mọ́ o. Ìdí wà tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Oró kíkorò ewúro gbọ́dọ̀ bá omi lọ, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìyà. Ewé ẹ̀gẹ́, tí àwọn èèyàn ń jẹ ní Sierra Leone àti Kóńgò, ní oró sáyánáìdì nínú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gún un, kí wọ́n sì sè é pẹ́. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní oxalate, ohun tó lè bá kálísíọ̀mù dì pọ̀ di òkúta nínú kíndìnrín. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ti ṣe rí, ó sàn kó bọ tirẹ̀ kó da omi nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́: irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi pọtásíọ̀mù kún oúnjẹ, kó bi dókítà rẹ̀. Kíndìnrín ìyá àgbà ṣì dára, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ni mo fi láyà láti bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣàdédé dé láti yunifásítì kó ní ká má sebẹ̀ bí ìyá wa ṣe ń sè é. Mo kọ́kọ́ ra ẹja gbígbẹ lọ fún wọn. Lẹ́yìn tá a kí ara wa tán, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n se ẹ̀fọ́ lónìí. Tí kò bá rọ̀, ẹ dà á fún adìyẹ."

Wọ́n wò mí títí. "Láìsí káún?"

"Láìsí káún, mà."

Ọ̀nà tí mo gbà rèé. Ẹ̀fọ́ rírò tí gbogbo wa mọ̀, ata la máa ń kọ́kọ́ dín, ewé ló ń kẹ́yìn, torí a ò fẹ́ kó rọ̀ jù. Ó dára fún ẹni tó ní eyín. Fún ìyá àgbà, mo yí i sódì: ewé ló ṣáájú, ata ló kẹ́yìn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì: ásíìdì tòmátò kì í jẹ́ kó tètè tú. Tí ewé bá ti rọ̀ kí ata tó dé, kò sí ohun tí ata lè fi í ṣe mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni mo rà. Mo yọ igi rẹ̀ kúrò pátápátá, mo fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí iyanrìn lè kúrò. Kí n tó rẹ́ ẹ ni mo ṣàn án o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ewé tá a ti rẹ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti là, ohun inú rẹ̀ á máa bá omi lọ. Mo wá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ gan-an. Ewúro ni mo fọ̀ lọ́tọ̀, ti òun nìkan ni mo da omi rẹ̀ nù. Mo kó gbogbo ewé sínú ìkòkò pẹ̀lú omi tí kò ju ife kékeré kan lọ, torí ewé fúnra rẹ̀ á mú omi wá. Mo ṣí ìdérí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí lára ásíìdì inú rẹ̀ lè bá ooru jáde, lẹ́yìn náà mo dé e, mo fa èédú sẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà jó. Mi ò da omi kankan nù. Mo po ẹ̀gúsí, mo já a sí i, mo fi irú, ẹja gbígbẹ àti epo pupa sí i. Ata tí mo ti sè gbẹ lọ́tọ̀ ló kẹ́yìn.

Irú yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí igbá bá ń wú, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń tú èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú ohun tó ń jáde ni glutamate, tó ń fún ọbẹ̀ ní adùn tí ẹnu á fi gbàgbé pé iyọ̀ kò tó. Epo pupa náà kò kàn wà fún ẹwà. Carotene tí ara wa ń sọ di fítámì A pọ̀ nínú ewé (àwọ̀ ewé ló bò ó mọ́lẹ̀ tí a ò fi rí i), kò sì lè wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá. Sísè pẹ̀lú epo ló ń tú u sílẹ̀. Fítámì C ni mo pàdánù, mi ò ní purọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná kò lè ṣe é lóore. Ọsàn tá a jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ló dí ìyẹn.

Ìyá àgbà ṣí ìkòkò. "Ha! Ẹ̀fọ́ yìí ti ṣú. Ó dà bí aṣọ sójà."

Mo ní, "Pheophytin ni, mà."

Wọ́n ní kí n má bú wọn.

Wọ́n bu láfún, wọ́n fi kan ẹ̀fọ́, wọ́n fi sẹ́nu. Mo ń wo àgbọ̀n wọn. Wọn ò jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Wọ́n gbé e mì, wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n ní, "Ó rọ̀." Mi ò rò pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì àkọ́kọ́.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti ń se tiwọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ńbà náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró ná: dókítà ti yí ọ̀kan nínú oògùn wọn padà láàárín àkókò kan náà. Nítorí náà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀fọ́ ló ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ ìtàn yìí tó wá pa oògùn rẹ̀ tì, kò gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìran wà níbẹ̀, àìsùn wà níbẹ̀. Káún jẹ́ ọ̀kan péré tí a lè fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, tí wọ́n ti dín iyọ̀ kù tí nǹkan ò sì yí padà, ẹ rọra bi wọ́n léèrè iye ibi tí káún ń dé: ẹ̀wà, ilá, ewédú, ẹ̀fọ́, àgbo. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ẹja gbígbẹ lọ́wọ́.

Àbúrò màmá mi wá bẹ ìyá àgbà. Mo ti fi Na₂CO₃ hàn án lórí fóònù mi kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyá àgbà ní àwọn ti dárí jì í, àmọ́ wọ́n ní kó gbé àpò èédú kan wá kí ìdáríjì náà lè wọlé dáadáa.

Ó ku ti ewédú. Mo ti gbìyànjú. Mo ṣàlàyé pé ewédú máa ń fà fúnra rẹ̀, pé ìjábẹ̀ lásán ti tó láti fọ́ ọ, pé gbogbo omi rẹ̀ la ń jẹ, nítorí náà gbogbo káún inú rẹ̀ la ń jẹ. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin. Wọ́n mú òkúta káún jáde nínú ọ̀rá, wọ́n fi eyín ọ̀bẹ gé e sí méjì, wọ́n ju ìdajì sínú ìkòkò, wọ́n dá ìdajì padà sínú ọ̀rá, wọ́n so ó.

"Ṣé ó tẹ́ ìwé rẹ lọ́rùn báyìí?"

Mo gé iye gíráàmù tó wà nínú ìwé ìṣirò mi sí méjì, mo sì jẹ ewédú mi.